Agogo Kì í Dún Nínú Fóònù: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Ṣe Lè Darí Ẹ̀kọ́ Ara Rẹ̀

Àkọsílẹ̀ ètò wa tọ̀sẹ̀ yìí nìyí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, àti ẹ̀yin tí dátà yín ti fẹ́ tán.

Bóyá inú dánfó lẹ wà, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá yín dúró, tàbí ẹ ń fọ abọ́, tí ẹ ki ẹ̀rọ bọ etí, ibi yòówù kí ẹ wà, ẹ kú iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo ẹni tó ń fi fóònù kàwé. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe sẹ́kọ́ńdírì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tún WAEC ṣe, àti ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò tó ní òun wà ní kíláàsì látàárọ̀, àmọ́ tó jẹ́ pé ohùn TikTok lẹ ń gbọ́ látinú yàrá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọdún 2020, SS3 ni mo wà. Nínú oṣù kẹta, wọ́n ti ilé-ìwé pa nítorí kòrónà. Ilé-ìwé wa kó gbogbo wa sórí WhatsApp. Tíṣà á fi ohùn ránṣẹ́, á ya fọ́tò ìwé ránṣẹ́, á sì fún wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Gbogbo ẹ̀ ni mò ń gbọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ tí mo bá ń dáná, mo máa ń gbọ́ ọ títí tí oorun á fi gbé mi lọ. Tí tíṣà bá bi wá pé, "Ṣé ó yé yín?", èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ àwòrán àtàǹpàkò sí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, wọ́n ní kí àwa SS3 padà wá. Ní ọjọ́ 17 oṣù yẹn, WAEC bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì péré la fi múra. Ọjọ́ tí mo ṣí ìwé ìbéèrè Kẹ́mísírì, mo wá rí i pé mo dá ohùn tíṣà mi mọ̀ dáadáa, àmọ́ mi ò mọ ohun tó sọ.

D7 ni mo gbà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti C6 lọ sókè ni kírẹ́díìtì ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ lọ kọ́, D7 ò sì lè gbé mi débẹ̀. Odindi ọdún kan ló lọ bẹ́ẹ̀.

Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé ọ̀lẹ ni mí. Ohun tí àwọn ará ilé náà sọ nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí a wà ní kíláàsì gidi, ipò kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni mo máa ń ṣe. Kí ló wá yí padà láàárín oṣù márùn-ún? Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí nìyẹn.

Iṣẹ́ tí ilé-ìwé ń bá wa ṣe

Ẹ rò ó wò. Nílé-ìwé, ta ló ń sọ ìgbà tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìṣirò? Agogo ni. Ta ló ń sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, Báọ́lọ́jì ló kàn? Agogo náà ni. Ta ló ń rí yín tí ojú yín bá ti gba ojú fèrèsé lọ? Tíṣà ni. Kí ló ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ò tíì yé yín? Ìdánwò kékeré ọjọ́ Ẹtì ni, tàbí pátákó tí wọ́n pè yín sí tí ẹ dúró sí bí òpó, tàbí ẹni tó jókòó tì yín, tó ti parí tirẹ̀ tí ẹ ò tíì dé ìdajì.

Iṣẹ́ ni gbogbo ìwọ̀nyẹn. Ẹlòmíì ló ń bá yín ṣe é. Nígbà tí kíláàsì kó wọnú fóònù, iṣẹ́ yẹn ò parẹ́. Ọwọ́ yín ló bọ́ sí, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún yín.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Nàìjíríà nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-ìwé kan wà tí ìjọba ń sanwó wọn, tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo nǹkan. Ní 2015, àwọn olùwádìí CREDO ní Yunifásítì Stanford fi àwọn ọmọ ilé-ìwé yẹn wé àwọn ọmọ tó jọ wọ́n, tí wọ́n ń lọ sí ilé-ìwé tó ní ògiri àti òrùlé. Nínú ìwé kíkà, ohun tí àwọn ọmọ orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ láàárín ọdún kan fi nǹkan bí ẹ̀kọ́ ọjọ́ 72 dín sí ti àwọn yòókù. Nínú ìṣirò, ọjọ́ 180 ni. Ọjọ́ 180 yẹn náà ni wọ́n kà sí ọdún ilé-ìwé kan. Ìyẹn ni pé bí a bá fi wọ́n wé ẹgbẹ́ wọn, ó dà bí ìgbà tí wọn ò wọ kíláàsì ìṣirò rárá lọ́dún yẹn.

Lọ́dún kan náà, àwọn olùwádìí Mathematica wo iye àkókò tí tíṣà fi ń kọ́ àwọn ọmọ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ní tààràtà. Wọ́n rí i pé iye tí wọ́n ń rí lọ́sẹ̀ kan kò tó iye tí ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé gidi ń rí lóòjọ́. Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé náà sì sọ pé ìṣòro tó le jù fún àwọn ni bí ọkàn ọmọ ò ṣe ní kúrò lára iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú àwọn ọmọ yẹn ti ní ìṣòro tiwọn kí wọ́n tó débẹ̀. Àmọ́ ṣé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Agogo ni wọ́n mú kúrò, wọn ò sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fúnra wọn lu tiwọn.

Kí ni àwọn tó ń ṣe dáadáa ń ṣe?

Barry Zimmerman, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní New York, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń darí ẹ̀kọ́ ara rẹ̀. Ní 1986, òun àti Manuel Martinez-Pons pe ọmọ sẹ́kọ́ńdírì 80 jókòó, àwọn tó wà ní bíi SS1 tiwa. Ìdajì wọn wà ní kíláàsì àwọn tó mọ̀wé jù, ìdajì yòókù wá láti àwọn kíláàsì míì. Wọn ò fún wọn ní ìdánwò kankan. Wọ́n kàn bi wọ́n léèrè pé: tí ẹ bá ní iṣẹ́ láti ṣe nílé, kí lẹ máa ń ṣe? Tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Tí kò bá wù yín ṣe ńkọ́?

Ọgbọ́n ìkẹ́kọ̀ọ́ 14 ni wọ́n ń wá nínú ìdáhùn wọn. Lára wọn ni: ṣíṣe ètò sílẹ̀, títún ibi ìkàwé ṣe, kíkọ nǹkan sílẹ̀, yíyẹ iṣẹ́ ara ẹni wò, àti bíbéèrè ìrànlọ́wọ́. Nínú 14 yẹn, àwọn tó mọ̀wé jù ń lo 13 ju àwọn yòókù lọ. Láti inú ìdáhùn yẹn nìkan, ó ṣeé ṣe láti mọ ẹgbẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà, ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ló sì bọ́ sí i.

Ó yẹ ká ṣọ́ra o. Èyí ò fi hàn pé ọgbọ́n yẹn nìkan ló sọ wọ́n di olóye. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ìwé ti ń yé tẹ́lẹ̀ ló rọrùn fún láti ṣe ètò. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú 14 yẹn dáadáa. Kò sí "ọpọlọ pípé" níbẹ̀. Gbogbo wọn, ohun téèyàn ń ṣe ni, ohun tó sì ṣeé ṣe ṣeé kọ́.

Zimmerman pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí ẹ ń ṣe kí ẹ tó kàwé, ohun tí ẹ ń ṣe nígbà tí ẹ ń kà á, àti ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ kà á tán. Ẹ fi wé ọbẹ̀ sísè. Ẹ kọ́kọ́ ronú ohun tí ẹ fẹ́ sè kí ẹ tó lọ sọ́jà. Tó bá wà lórí iná, ẹ ń tọ́ ọ wò. Tí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ sọ pé, "Iyọ̀ yìí pọ̀, lọ́la màá dín in kù." Èmi ní 2020, mo gbé ìkòkò kaná ni, mo sì lọ sùn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ dá ìgbà, ẹ dá ibi

"Màá kàwé lónìí" kì í ṣe ètò. Àdúrà ni.

Ní 1997, Peter Gollwitzer àti Veronika Brandstätter gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Jámánì. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ìròyìn nípa bí wọ́n ṣe lo alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, kí wọ́n sì kọ ọ́ láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn kan kọ́kọ́ kọ ìgbà àti ibi pàtó tí wọ́n ti máa ṣe é sílẹ̀. Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù. Nínú àwọn tó dá ìgbà àti ibi, bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ṣe iṣẹ́ náà lásìkò. Nínú àwọn yòókù, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni.

Torí náà, ẹ fi "tí" bẹ̀rẹ̀ ètò yín. "Tí mo bá ti fọ abọ́ alẹ́ tán, màá jókòó sí tábìlì pálọ̀, màá ṣe ìbéèrè márùn-ún lórí quadratic equation." Ìgbà wà níbẹ̀, ibi wà níbẹ̀, iye iṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ fi ìṣòro ìlú wa sínú ètò náà pẹ̀lú: "Tí NEPA bá mú iná, ìbéèrè tí mo ti dà kọ sínú ìwé ni màá ṣe." "Tí mo bá ra dátà òru tó dínwó, fídíò ìṣirò ni màá kọ́kọ́ wà sílẹ̀ kí n tó wo nǹkan míì." Nígbà náà, tí iná bá lọ, ètò yín ò ní bá a lọ.

Nígbà tí ẹ ń kà á: ẹ tọ́ ọ wò

Ibí yìí ló ti pa èmi. Tí èèyàn bá wo fídíò kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á máa ṣe é bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n. Tíṣà ń yanjú ẹ̀, ẹ̀yin náà ń mi orí. Àmọ́ ojú tó mọ nǹkan yàtọ̀ sí orí tó mọ̀ ọ́n.

Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ní Yunifásítì Washington ní St. Louis fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àkàsílẹ̀ kúkúrú kan. Àwọn kan ń kà á ní àkàtúnkà, ó tó ìgbà 14 tí wọ́n kà á. Àwọn míì kà á bí ìgbà mẹ́ta péré, wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn àkàtúnkà ló mókè: ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n rántí, àwọn yòókù rántí ìdá 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Ti àwọn àkàtúnkà já wálẹ̀ sí 40, àwọn tó ń dán ara wọn wò sì rántí 61. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn àkàtúnkà yẹn gan-an ló ní ìdánilójú jù pé àwọn ò ní gbàgbé.

WAEC kì í dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Tí fídíò bá ti lọ bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí méje, ẹ dá a dúró. Ẹ da ojú fóònù délẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ jáde lẹ́nu, ní Yorùbá, ní Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bá ti yá. Tí tíṣà bá fẹ́ yanjú ìṣirò kan, ẹ dá a dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú tiyín. Kò ní rọrùn, ẹ sì lè rò pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n nílé ju kí ẹ mọ̀ ọ́n nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Lẹ́yìn tí ẹ kà á tán: ẹ ṣèṣirò èrè àti àdánù

Kò sí ìyá ọlọ́jà tó ń palẹ̀ mọ́ lálẹ́ tí kò ka owó. Ẹ̀yin náà, ẹ ka tiyín. Ẹ mú ìwé kékeré kan. Gbogbo ìbéèrè tí ẹ bá gbà, ẹ kọ ìdí rẹ̀ síwájú rẹ̀: ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n rárá ni, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ àmọ́ ẹ gbàgbé, àbí ìkánjú ló fà á? Oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Èyí tí ẹ ò mọ̀ ń fẹ́ kí wọ́n kọ́ yín. Èyí tí ẹ gbàgbé ń fẹ́ kí ẹ máa dán ara yín wò léraléra. Ìkánjú ń fẹ́ kí ẹ ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ń sọ fún ara yín pẹ̀lú. Zimmerman sọ pé ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rò pé ó fa ìkùnà òun ló ń pinnu ohun tó máa ṣe tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá sọ pé, "Orí mi ò gba ìṣirò," ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ta ló lè pààrọ̀ orí? Tí ẹ bá sọ pé, "Ọ̀nà tí mo gbà kà á kò dáa," ẹ lè wá ọ̀nà míì.

Dídarí ara ẹni kì í ṣe dídá wà

Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ẹni tó ń darí ẹ̀kọ́ ara rẹ̀ kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni. Nínú ọgbọ́n 14 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta ló jẹ́ bíbéèrè: lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ẹni, lọ́wọ́ tíṣà, àti lọ́wọ́ àgbàlagbà míì. Àwọn àgbà wa náà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àmọ́ ẹ mọ bí a ṣe ń béèrè. Tí ẹ bá kọ "Kò yé mi" sórí ẹgbẹ́ WhatsApp, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Ẹ ya fọ́tò ibi tí ẹ bá a dé, kí ẹ wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ní ìlà kẹta, kí ló dé tí àmì yọkúrò fi di àròpọ̀?" Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ máa ń rí ìdáhùn, torí ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ti rí ibi tí ẹsẹ̀ ti dùn yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá mi. Ọdún tí mo ń múra láti tún ìdánwò yẹn ṣe, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni mo ti ń kàwé, fóònù kan náà, dátà tó ń tán láàárín ọ̀nà. Ẹyin ni màámi ń tà. Wọn ò ka Kẹ́mísírì rí. Àmọ́ lálaalẹ́, tí wọ́n bá ti dé láti ọjà, wọ́n á ní, "Ó yá, kí lo kọ́ lónìí?" Màá sì ṣàlàyé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ṣàlàyé mole. Mo ní, "Mà, iye kan ni, bíi kírétì. Tí ẹ bá ti gbọ́ kírétì kan, ẹ mọ̀ pé ẹyin 30 ni. Tí a bá ti gbọ́ mole kan, a mọ̀ pé nǹkan tíntìntín bí 6.02 × 10²³ ni." Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣé kírétì ẹyin ńlá àti kírétì ẹyin wẹ́wẹ́ wúwo bákan náà?" Mo ní rárá, iye wọn dọ́gba, ìwọ̀n wọn ò dọ́gba. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, mo dákẹ́. Ohun tí kò yé mi látọdún tó kọjá gan-an nìyẹn: ìdí tí mole kan kábọ́ọ̀nù fi jẹ́ gíráàmù 12, tí ti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 32. Ìyá ẹlẹ́yin ló fi ìbéèrè kan tú u.

B3 ni mo gbà nígbà kejì.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n

Ẹ gbọ́ èyí náà. Ọmọ ò lè dá ṣe gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ fóònù kan ni ọmọ mẹ́ta ń pín lò, tàbí tí ẹ ń rán an níṣẹ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá torí pé "ilé ló ṣáà wà", kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkóra-ẹni-níjàánu mọ́. Ẹ dá wákàtí kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní pè é. Dípò kí ẹ máa pariwo pé, "Ṣé o ń kàwé ṣá?", ẹ ní kó wá ṣàlàyé ohun tó kọ́ fún yín. Kò dìgbà tí ẹ bá mọ ìdáhùn. Tí àlàyé ẹ̀ bá ń já, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀.

Iṣẹ́ tọ̀sẹ̀ yìí

Ẹ má wulẹ̀ ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ kọ gbólóhùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Tí", tó ní ìgbà, ibi àti iye. Ẹ da ojú fóònù délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú fídíò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́. Tó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ka iye ìbéèrè tí ẹ gbà àti ìdí tí ẹ fi gbà á.

Tí ẹ bá mọ ẹnì kan tó gba D7 tó wá ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀lẹ, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i. Kó gbọ́ ọ, kó dá a dúró, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ fún yín.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ire o.